"Àìtètè mólè, olè ń mólóko": kí ni nọ́ọ̀sì ń sọ?

Obìnrin kan láti Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ló béèrè. Egbò kan wà lẹ́sẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, wọ́n ń fi ewé dì í nílé títí Màmá fi dùbúlẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò já geere mọ́. Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tú ẹsẹ̀ náà wò, ó mirí, ó ní, "Àìtètè mólè, olè ń mólóko." Dókítà ní sepsis ni, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́. Ó wá ní: ṣé wọ́n pe àwọn lólè ni, kí sì ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ ṣáá?

Ẹ kú aájò Màmá o. Kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Olè wọ oko iṣu, olóko gbúròó rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀, kò tètè lọ. Kó tó débẹ̀, olè ti wa iṣu, ó ti dì í, ara ti tù ú nínú oko bí ẹni pé òun ló kọ ọ́. Òun ló wá gbá olóko mú: "Ta ni ọ́? Kí lo wá ṣe lóko mi?" Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa lo òwe yìí bí ẹni ń sọ pé ká má fi nǹkan falẹ̀. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó yẹ kó múni ni wọ́n mú. Ibẹ̀ gan-an ni òwe náà wà.

Nọ́ọ̀sì yẹn mọ òwe lò, nítorí bí sepsis ṣe rí nìyẹn. Kì í ṣe kòkòrò inú egbò nìkan ló ń ṣe ọṣẹ́. Nígbà tí àwọn oníṣègùn tún ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe ní 2016, ohun tí wọ́n sọ ni pé bí ara ṣe ń gbógun ti kòkòrò ló kọjá ààlà, tó wá ń ba ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ ẹni tó ni ín jẹ́. Ní 2017 nìkan, wọ́n ṣírò pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ènìyàn ló bá a lọ káàkiri ayé.

Ní ti ẹ̀jẹ̀, ojú lásán kò lè sọ ibi tí olè dé nínú oko. Creatinine, ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń yọ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ń sọ ti kíndìnrín; bilirubin, ìdọ̀tí tí ẹ̀dọ̀ máa ń yọ, ń sọ ti ẹ̀dọ̀. Wọ́n ń tún un gbà kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àrùn ń padà lẹ́yìn tàbí ó ń tẹ̀síwájú.

Èyí tó wù mí jù ni ti amino acid, tí àwọn olùwádìí ń tọpasẹ̀ rẹ̀. Òun ni èròjà tí ara fi ń kọ́ purotéènì, 20 sì ni irú èyí tó ń lò fún iṣẹ́ náà. Nínú sepsis, ara a máa tú iṣan ara rẹ̀ palẹ̀ láti fi jagun. Phenylalanine, ọ̀kan nínú 20 yẹn, á tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tó yẹ kó sọ ọ́ di tyrosine, amino acid mìíràn, ti rẹ̀, nítorí náà phenylalanine á ga. Ìwádìí ti fi hàn pé bó bá ti ga tó, àrùn náà sábà máa ń le tó bẹ́ẹ̀. Citrulline, amino acid tí kò sí lára 20 yẹn, ní tirẹ̀ máa ń wálẹ̀, nítorí ìfun kékeré ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìfun náà sì ti fara gbá. Ẹ̀jẹ̀ ìwọ̀nba yìí ń ròyìn iṣan, ẹ̀dọ̀ àti ìfun pa pọ̀! Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ pàtàkì ni wọ́n fi ń wò ó, kò sí lára àyẹ̀wò ojoojúmọ́. Bí wọn kò bá ṣe é fún Màmá, wọn kò rẹ́ yín jẹ.

Ohun tí ẹ lè rí nílé tó lè jẹ́ àmì sepsis ni pé kí èémí máa yára, bíi 22 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí ọ̀rọ̀ máa dàrú, kí ìtọ̀ dín kù. Ara àgbàlagbà lè má gbóná rárá. Ibi tí a ti ń dúró de ibà ni ọ̀pọ̀ ti ń pẹ́ jù.

Ibi tí nọ́ọ̀sì ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ọmọdé kì í pa òwe níwájú àgbà kó má sọ pé, "Tótó, ó ṣe bí òwe." Àgbà á wá dáhùn pé, "Wàá rí òmíràn pa." Láìsí ìyẹn, òwe a máa dún bí èébú, ó sì tọ́ kó dùn yín.

Bí Màmá bá ti délé, ẹ ó rí i pé itan wọn ti gbẹ. Iṣan tí ara tú jẹ ni. Ẹ̀kọ nìkan kò ní dá a padà. Ẹ bi dókítà bí kíndìnrín wọn ṣe rí. Bó bá fọwọ́ sí i, ẹ fún wọn ní ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, kí ẹ sì máa dì wọ́n mú rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́.