Ẹ Bi Wá: Sáìtì Iwájú Lára Ìbọn Ológun Àtijọ́

Lẹ́tà mẹ́rin ló dé lórí ọ̀rọ̀ yìí, a sì kó wọn pọ̀. Sáìtì iwájú ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró ṣánṣán lókè ẹnu ìbọn, tí wọ́n fi ń wo àmì. Èyí tó sún mọ́ ojú ẹni tó ń yìnbọn ni sáìtì ẹ̀yìn.

Tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àbúrò mi tó wà ní Houston ra Lee-Enfield No. 4, ìbọn ológun àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní mítà 100, ọta rẹ̀ ń fi sàǹtímítà 12 yà sí ọ̀tún, ó sì ń fi 10 ga ju àmì lọ. Ó ní kí n bá òun rọ irin tí wọ́n fi ń ti sáìtì. Báwo ni kí n ṣe é?

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Kí ẹ tó gé irin kankan, ẹ ní kó kọ́kọ́ yẹ ìbọn náà wò. Bí síkúrù tó de igi mọ́ irin bá ti dẹ̀, bí igi bá ń ti ọ̀pá ìbọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí bí etí ẹnu ọ̀pá bá ti gbá nǹkan tó sì ti ṣẹ́, ọta á máa ṣáko ni. Sáìtì tí ẹ bá tún ṣe lónìí á tún yẹ̀ lọ́la. Bí ara ìbọn bá dá ṣáṣá, kó gbé e lé àpò iyanrìn, kó yin ọta márùn-ún, oríṣi kan náà, kó má sì yí ibi tó ń wò padà. Àárín ihò márààrún ni kó ti wọ̀n ọ́n dé àmì. Ẹni tó bá fi ihò kan ṣoṣo ṣe ìṣirò, afẹ́fẹ́ ló ń lé.

Ẹ jẹ́ kó há èyí sórí: sáìtì iwájú máa ń tọ ọta lẹ́yìn. Bí ọta bá ń yà sí ọ̀tún, ọ̀tún náà lẹ ó ti sáìtì sí. Bó bá ń lọ sókè jù, ẹ fi èyí tó ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ síbẹ̀. Òdìkejì èyí ni ti sáìtì ẹ̀yìn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe.

Ó ku iye tí ẹ ó tì í. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín sáìtì méjèèjì, lára No. 4, ó tó mílímítà 729. Ẹ fi ìwọ̀n tí ọta fi yà sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi jíjìnnà àmì pín in, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílímítà: 120 × 729 ÷ 100,000. Ìdáhùn rẹ̀ ni 0.87. Kò tó mílímítà kan! Òòlù kò mọ irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí irin tí àbúrò yín ń bèèrè fi ṣe pàtàkì.

Irin tó nípọn tó mílímítà 12 ni kí ẹ gé bíi lẹ́tà U, kó lè gun ìdí sáìtì láti òkè. Apá kan á fara ti ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù tí sáìtì jókòó sí. Ẹ dá ojú sí apá yìí, kí ìdí sáìtì lè ráyè yọ gba ibẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé ojú yìí, síkúrù á máa yí, sáìtì kò sì ní mira. Apá kejì ni kí ẹ lu, kí ẹ gé iná, ìyẹn ìlà yíyípo tí síkúrù ń tọ̀, sí i fún síkúrù M8 (èyí tó nípọn tó mílímítà 8). Ẹ fi idẹ dé orí síkúrù náà, kí idẹ ọ̀hún má bá síkúrù yí, kó má baà ha irin sáìtì. M8 máa ń lọ mílímítà 1.25 bó bá yí ẹ̀ẹ̀kan, ìdá mẹ́rin yíyí sì jẹ́ 0.31. Fún 0.87, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yíyí kò ní pé tán. Àmọ́ ìgbà tí idẹ bá ti kan sáìtì gbọnyin ni kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Tó bá fẹ́ lò ó, kó kó ọta kúrò nínú yàrá, kó yọ bóòtù ìbọn (irin tó ń ti ọta sínú yàrá) sílẹ̀, kó sì fojú wo inú ọ̀pá látòkè délẹ̀. Irin ààbò tó yí sáìtì ká ní síkúrù tirẹ̀. Kó tú u. Lára àwọn kan, síkúrù kékeré kan tún wà níwájú búlọ́ọ̀kù tó ń fún sáìtì mọ́lẹ̀. Bí kò bá dẹ èyí kó tó máa tì, ó lè ba búlọ́ọ̀kù jẹ́. Kó kán òróró ìtúpata sí i, kó fi sùn mọ́jú. Kó fi kálípà, irin ìwọ̀n, wọn ibi tí sáìtì wà kó tó tì í, kó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀, kó kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀.

Ní ti gíga, títì kò kàn án. Wọ́n ṣe sáìtì No. 4 ní ìwọ̀n ìwọ̀n, láti −.030 títí dé +.075, íǹṣì .015 ló sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ìyẹn jẹ́ mílímítà 0.38, bí ewé ìwé mẹ́rin tí a tò léra. Síbẹ̀, ìpele kan ń sọ ọta kalẹ̀ ní sàǹtímítà márùn-ún ó lé díẹ̀ ní mítà 100. Ìpele méjì ni tirẹ̀: bí wọ́n bá kọ .015 sára èyí tó wà níbẹ̀, .045 ni kó rà.

Ṣágámù ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi ní Kánádà ní Mauser àwọn ará Jámánì, Gewehr 98. Ọta rẹ̀ ń fi sàǹtímítà 30 ga jù ní mítà 100. Ó fi fáìlì rẹ́ sáìtì iwájú, ó wá di 45. Kí ló dé?

Rírẹ́ ló fà á. Bí sáìtì iwájú bá kúrú sí i, ẹni tó ń wò á gbé ẹnu ìbọn sókè kó tó lè rí i, ọta á sì bá a gòkè. Ẹ sọ fún un kó sọ fáìlì kalẹ̀.

Ìbọn náà kò ṣàìsàn látilẹ̀wá. Sáìtì ẹ̀yìn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe sí Gewehr 98, mítà 400 ni ìwọ̀n tó kéré jù lórí rẹ̀. Ogun ìta gbangba ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá fi í yin àmì tó wà ní mítà 100, dandan ni kó ga. Kó ra sáìtì iwájú tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ká ní àlàfo sáìtì méjèèjì tó wọ̀n jẹ́ mílímítà 600: 450 × 600 ÷ 100,000 jẹ́ 2.7. Kó wá èyí tó fi mílímítà 3 ga ju èyí tó rẹ́ lọ, kó wá máa fi fáìlì wẹ́wẹ́ rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, kó máa yin ọta márùn-ún láàárín ìrẹ́ kan sí èkejì. Ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà ń gbé ọta sókè tó sàǹtímítà kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, nítorí náà kó má kánjú. Ojú tó bá dán lẹ́yìn fáìlì, kó fi èéfín àbẹ́là pa á dúdú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ oòrùn á máa kọ lára rẹ̀, á sì tan ojú jẹ.

Lára Mauser yìí, inú kòtò tó fẹ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ ni ìdí sáìtì wọ̀. Kó fi kálípà wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kòtò náà kó tó tì í, kó gba ibi tó fẹ̀ jù yọ ọ́. Bí kò bá ní irin atìsáìtì, pọ́ńṣì idẹ ni kó lò. Pọ́ńṣì irin líle á dá àpá sí i. Kó fi awọ sí ẹnu fáìsì, kó sì di ọ̀pá mú nítòsí sáìtì. Bó bá di igi mú, igi lè là.

Àwọn tó ní Mosin-Nagant 91/30, ìbọn ológun àwọn ará Rọ́ṣíà, ní ọgbọ́n kan tó wù wá: wọ́n á bó rọ́bà ara wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi wọ sáìtì iwájú kó lè ga, wọ́n á sì máa gé e títí ọta á fi bọ́ sí àmì. Wọn kò fọwọ́ kan irin rárá.

Nínú àpótí tí bàbá wa àgbà kó àmì ẹ̀yẹ ogun Bọ́mà wọn sí ní Ìpẹru, a rí irin kékeré kan tí wọ́n kọ 045 sí lára. Kí ni?

Bí ìdí rẹ̀ bá fẹ̀, tí òkè rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí eyín, sáìtì iwájú Lee-Enfield ni. Irú ìbọn yìí ni àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà ní Divíṣọ̀n 81 àti 82 gbé lọ sí Bọ́mà. Nọ́ńbà náà ni pé ó fi íǹṣì .045 ga ju òdo lọ. Jagunjagun fúnra rẹ̀ kì í pààrọ̀ rẹ̀. Oníṣẹ́ ìbọn inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ló ń fi oríṣiríṣi dán ìbọn kọ̀ọ̀kan wò, nítorí ìbọn méjì tó jáde láti ilé iṣẹ́ kan náà kì í yìn sójú kan náà. Ẹ má fi iyanrìn bó o. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lára, kí ẹ fi sí àpòòwé pẹ̀lú orúkọ bàbá. Ohun iyì ni.

Ọdẹ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ṣé mo lè gba irú ìbọn ológun bẹ́ẹ̀, kí n tún sáìtì rẹ̀ ṣe fún ìgbẹ́?

Rárá o. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ìbọn ológun tí inú ọ̀pá rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 7.62 tàbí 9, tàbí íǹṣì .300 tàbí .303, mọ́ àwọn tó jẹ́ èèwọ̀. Lee-Enfield wà nínú wọn, ọ̀pọ̀ Mosin náà sì wà níbẹ̀. Ṣakabùlà wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀, òun náà sì ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Àwọn tí ilé Balógun ń yìn níbi Ojúde Ọba kò tilẹ̀ nílò sáìtì, ariwo ni wọ́n ń wá.

Bó bá jẹ́ pé ìbọn ẹlẹ́nu kan tí ẹ ní ìwé àṣẹ rẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ irin iwájú rẹ̀ já bọ́, ẹ lè fi òmíràn tí iná ìdí rẹ̀ bá a mu rọ́pò rẹ̀. Kí ìdí rẹ̀ má ṣe yọ sínú ọ̀pá, àní bí orí abẹ́rẹ́, nítorí àwọn ọta wẹ́wẹ́ á máa gbá a bí wọ́n bá ti ń jáde. Ẹ fi ìka àti iná tọ́ọ̀ṣì yẹ inú ẹnu ọ̀pá wò kí ẹ tó ki ọta sí i.