Fíìmù ilẹ̀ Japan wo ni èmi àtàwọn ọmọ lè jọ wò?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Houston ni a wà. Àwọn ọmọ mi jẹ́ ọdún 11, 7 àti 4, oníkálukú ló dorí kọ fóònù tirẹ̀. Mo fẹ́ ká máa jókòó pọ̀ wo fíìmù lálẹ́ Fúráìdè. Èyí àgbà ní kàtúùnù ilẹ̀ Japan lòun fẹ́, bàbá wọn ní ẹ̀mí òkùnkùn ló kún inú rẹ̀. Èwo ni kò ní dá ìjà sílẹ̀? Ìyá Tiwa.

Ìdáhùn: Ìyá Tiwa, ẹ kú ọmọ títọ́. Ẹ má dá Bàbá Tiwa lẹ́bi jù. Ọkọ tèmi náà, ìgbà tó rí i tí bàbá inú My Neighbor Totoro kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ sídìí igi ńlá kan, tí wọ́n tẹríba, tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ igi, ńṣe ló dìde tó ń wá rìmóòtù. Mo ní, "Dádì, ta ló gé ìrókò ẹ̀yìnkùlé yín dáná rí?" Ó jókòó. Kò sí ẹni ibi kankan nínú fíìmù yẹn. Ìyá wà ní ọsibítù, bàbá àtàwọn ọmọ kó lọ sábúlé, àbúrò sọ nù, wọ́n wá a rí. Ó tán. Ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ponyo náà dáa fún èyí kékeré.

Ẹ fi èyí tí wọ́n ti yí sí Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Ẹ wo ti èdè Japan, kí ẹ máa fi Yorùbá ka ọ̀rọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀ fún ẹni tí kò tíì lè kàwé. "Onee-chan" ni Mei, àbúrò inú Totoro, ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀; báwo ni Òyìnbó ṣe fẹ́ sọ ìyẹn? Ẹni tó bá wọlé á kí ará ilé, ará ilé á ní "okaeri", ẹ káàbọ̀ náà nìyẹn. Ibẹ̀ ni àbígbẹ̀yìn mi ti kọ́ "ẹ káàbọ̀ sà". Yorùbá tó gbọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ, n kò ní purọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún Grave of the Fireflies o. Ilé iṣẹ́ kan náà, Ghibli, ló ṣe é, ọjọ́ kan náà ni òun àti Totoro dé sinimá lọ́dún 1988, ṣùgbọ́n ogun àti ebi ló wà nínú rẹ̀, ọmọ kékeré sì kú. Kì í ṣe fún ọmọ ọdún 4.

Èyí tó jẹ́ kí n dá yín lóhùn gan-an ni Spirited Away, ti ọdún 2001, èyí tó gba Oscar. Ẹ máa wò ó, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí.

Oṣù méje lẹ́yìn tí ìyá mi kú ni mo bí àkọ́bí mi ní London níbí. Láti Ìbàdàn ni bàbá mi ti sọ ọ́ ní Yéwándé lórí fóònù. Ọjọ́ tí mo lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé ìwé, obìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wo orúkọ náà, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Kò tíì sọ nǹkan kan o. Èmi ni mo yára ní, "Ẹ máa pè é ní Wendy." Mo ti pẹ́ débi iṣẹ́. Bírò tèmi ni mo fi kọ ọ́ síbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ tí à ń pè é nílé. Nílé!

Ó jẹ́ ọmọ ọdún 9 nígbà tí a wo fíìmù yìí. Àwọn òbí Chihiro, ọmọbìnrin inú fíìmù náà, jẹ oúnjẹ tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n di ẹlẹ́dẹ̀. Ọmọ lọ tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ Yubaba, àjẹ́ tó ni ilé ìwẹ̀. Ó fọwọ́ síwèé. Yubaba na àtẹ́lẹwọ́ sókè ìwé náà, lẹ́tà orúkọ ọmọ gbéra kúrò lórí ìwé, wọ́n kó sí i lọ́wọ́, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Sen ló kù tí wọ́n á máa pè é. Ọmọ mi ń jẹ gúgúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò tiẹ̀ wojú mi. Ó ní, "Bí Mọ́mì ṣe ṣe tèmi." Ó tún ki ọwọ́ bọ gúgúrú.

N kò fèsì. Mo ní kí wọ́n bá mi bu omi wá. Nígbà tó yá, Chihiro rí káàdì táwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi dágbére fún un, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ní òun ti fẹ́ẹ̀ gbàgbé rẹ̀. Mo ń mu omi.

Ṣé ẹ rò pé mo lọ tún un ṣe ní Mọ́ńdè? N kò lọ. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ dá mi lẹ́jọ́, kó kọ́kọ́ wá bá mi san owó ilé. Lọ́dún kejì, bàbá mi pè: "Yéwándé, ìyàwó mi!" Ọmọ ní, "Wendy ni, Grandpa." Mò ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ nínú fóònù. Ó pẹ́ kí bàbá tó ní, "Gbé e fún ìyá ẹ." Kò bá mi sọ ọ́ títí ó fi kú.

Ọmọ mi ti pé ọmọ ọdún 19 báyìí. Ní Kérésì tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló tan fíìmù yẹn fún àwọn àbúrò rẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kí Chihiro fọwọ́ síwèé, mo ní mo fẹ́ lọ wo ìrẹsì lórí iná. Ìrẹsì ti jinná láti ọ̀sán.