Tó bá ti di Tọ́sìdeè, gbogbo ẹ̀ á dákẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kóòṣì ni mí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Mọ́ńdè màá pósìtì, màá ṣe fídíò, màá pe kọsítọ́mà, àmọ́ tó bá fi máa di Tọ́sìdeè ó ti sú mi. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ò ya ọ̀lẹ, ẹrù yẹn ló pọ̀ jù. Ẹ mú ẹyọ kan péré, èyí tó ń mówó wọlé: lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọ ẹnu tán láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó ṣí Facebook rárá, ẹ kọ mẹ́sééjì sí èèyàn mẹ́ta tó ti béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín rí, kẹ́ ẹ kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Ti fídíò yẹn (ẹ jọ̀ọ́!) lè dúró. Nínú ìwádìí tí Phillippa Lally àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ní London, bí ọjọ́ 66 ló gba èèyàn kí nǹkan tó mọ́ ọn lára, ti ẹlòmíì 18, ti ẹlòmíì lè tó 254, fífo ọjọ́ kan ò sì ba nǹkan jẹ́. Torí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbàgbé ní Tọ́sìdeè, ẹ ṣe é ní Fúráìdeè, ẹ má dúró de Mọ́ńdè.