Mẹ́fà ni wá: ṣé bridge ni ká ta ni, àbí poker?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àwa mẹ́fà la máa ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé. Whot ti sú wa, a wá ra páálí káàdì kan. Ẹnìkan ní ká kọ́ bridge, ẹlòmíràn ní poker, wọ́n sì ní káàdì kan náà ni wọ́n fi ń ta méjèèjì. Kí ló wá mú wọn yàtọ̀?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni wọ́n sọ. Káàdì 52 ni, ẹ̀yà mẹ́rin: clubs, diamonds, hearts àti spades, 13 nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ joker kúrò, nítorí kò níṣẹ́ nínú bridge, kò sì níṣẹ́ nínú Texas Hold'em, irú poker tí a ń sọ níbí. Páálí Whot kò ṣe é fi rọ́pò, torí àmì márùn-ún ló ní, iye káàdì wọn kò sì dọ́gba.

Ìgbà tí ẹ bá pín káàdì ni ọ̀nà wọn pín. Ènìyàn mẹ́rin péré ló ń ta bridge, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Méjì-méjì ni wọ́n ń ṣe ẹgbẹ́, ẹnìkejì yín á sì jókòó sí ọ̀kánkán yín. Káàdì 13 ló kan ẹnìkọ̀ọ̀kan, kò sì ní ku ẹyọ kan nílẹ̀. Nítorí náà, káàdì tí ẹ kò bá rí lọ́wọ́ ara yín, ọwọ́ ẹnìkan nínú àwọn mẹ́ta yòókù ló wà dájúdájú. Èyí ló sọ bridge di eré ìṣirò.

Kí ẹnikẹ́ni tó ju káàdì sílẹ̀, ìlérí ló kọ́kọ́ ń wáyé. Ẹ ka agbára ọwọ́ yín: Ace jẹ́ 4, King 3, Queen 2, Jack 1, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 40. Tí tiyín bá tó bíi 12, ẹ lè la ẹnu ìlérí. Láti 1 dé 7 lẹ lè pè, ṣùgbọ́n ẹ máa ń fi 6 kún un. Ẹni tó bá pe 4 spades ń ṣèlérí pé òun àti ẹnìkejì òun á jẹ trick 10 nínú 13 (trick kan ni káàdì mẹ́rin, ẹyọ kan látọwọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan, tí ẹni tí káàdì rẹ̀ bá borí á kó), spades ni yóò sì jẹ́ trump, ìyẹn ẹ̀yà tó ń borí àwọn yòókù. Clubs ló kéré jù nínú ìpè, lẹ́yìn náà diamonds, hearts, spades, notrump, ìyẹn ìpè tí kò ní trump, sì wà lókè gbogbo wọn.

Nínú ẹgbẹ́ tí ìlérí wọn bá borí, ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀yà náà ni yóò ta á. Ẹni tó wà lápá òsì rẹ̀ á kọ́kọ́ ju káàdì kan, ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹnìkejì rẹ̀ á tó tẹ́ gbogbo tirẹ̀ sílẹ̀, tí yóò di dummy. Tí dummy bá yára ṣí káàdì rẹ̀ kí alátakò tó ju tirẹ̀, àṣìṣe ni, torí alátakò á ti rí i kó tó yan èyí tó máa jù. Àṣìṣe kejì wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ju hearts, hearts wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì ju nǹkan mìíràn. Ó lè mú kí ẹ pàdánù trick kan tàbí méjì fún alátakò.

Poker kò béèrè mẹ́rin. Láti 2 dé bíi 10 ló ń jókòó, kálukú sì dá dúró. Káàdì méjì ni wọ́n ń fún yín ní bòńkẹ́lẹ́, márùn-ún á sì wà nílẹ̀ fún gbogbo ayé: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí à ń pè ní flop, lẹ́yìn náà ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan. Nínú méje yìí lẹ ó ti ṣa márùn-ún tó dára jù. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́fà, 12 ló wà lọ́wọ́ yín, 5 nílẹ̀, àwọn 35 yòókù kò sẹ́ni tó rí wọn. Kò sí bí ẹ ṣe máa kà wọ́n tán bíi ti bridge. Ẹ ó kàn wọn ohun tó ṣeé ṣe ni, ẹ ó sì máa wo bí àwọn yòókù ṣe ń fi owó lé e.

Ẹni tó ti bridge bọ̀ máa ń ṣìnà níbì kan: ó rò pé spades ga ju clubs lọ. Nínú poker, ẹ̀yà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Tí ọwọ́ méjì bá rí bákan náà, ẹ pín owó àárín sí méjì.

Ẹ má sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹnìkejì. Ohun tó jẹ́ ẹ̀mí bridge, ìrẹ́jẹ gbáà ni nínú poker: ẹni méjì kò gbọdọ̀ gbè síra wọn. Nínú bridge pàápàá, ìpè àti káàdì nìkan lẹ lè fi bára yín sọ̀rọ̀. Ojú ṣíṣẹ́ kò sí níbẹ̀.

Fún ẹ̀yin mẹ́fà, poker ni gbogbo yín lè jọ ta. Bí bridge bá wù yín, kí mẹ́rin ta, kí méjì máa wò. Lẹ́yìn ìpín mẹ́rin, tí kálukú ti pín káàdì lẹ́ẹ̀kan, kí méjì dìde fún wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé dandan ni kí owó wà nínú poker?

ÌDÁHÙN: Rárá, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí ènìyàn lè pàdánù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó máa jù káàdì rẹ̀ nù. Ẹ fún kálukú ní ẹyọ ẹ̀wà 100. Kí ẹni tó wà lápá òsì apínkáàdì fi 1 sílẹ̀, kí ẹni tó tẹ̀ lé e fi 2, kí ẹ tó wo káàdì yín rárá. Ẹni tí ẹ̀wà rẹ̀ bá tán, ó jáde.