Owó wẹ́wẹ́ kún agolo mi, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àkàrà ni mò ń dín tà lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Bẹ̀nẹ̀) níbí. Owó tí àwọn ọmọ ń mú wá ò ju 10, 25 àti 50 fàráǹkì lọ. Ó ti kún agolo mílíìkì ńlá méjì àti kólò kan. Oníẹ̀wà tí mò ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jà Ouando ní òun ò gbà á mọ́, ọlọ́kadà náà ń ráhùn. Ọkùnrin kan wá ní òun á kó gbogbo rẹ̀, àmọ́ òun á yọ 100 lórí 1.000 kọ̀ọ̀kan. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Ìyá mi, ẹ kú òwò, ẹ kú ooru iná. Ẹ má gbà o.

Iṣẹ́ akápò ni mò ń ṣe nílé ìfowópamọ́ kan ní Àjàṣẹ́ yìí. Irú owó yín yìí là ń kà látàárọ̀ dalẹ́, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ pé ẹni tó fi òógùn kó o jọ ta á lọ́pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Alájọ tó ń yípo ọjà, tó ń wá gbowó lọ́wọ́ yín lójoojúmọ́, owó ọjọ́ kan ṣoṣo ló jẹ́ tirẹ̀ nínú oṣù. Lórí 1.000 fàráǹkì, ìyẹn ò tó 35. Odidi oṣù ló sì fi rìn, tó fi ṣọ́ owó. Ẹni tó fẹ́ yọ 100 yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa wá.

Ó mọ ibi tó ń gbé e lọ ni. Owó wẹ́wẹ́ wọ́n lóde, nítorí inú kólò àti agolo ló ń wọ̀ sí, kì í sì tètè jáde mọ́. Ilé oògùn ń wá a lójú méjèèjì: iye oògùn kì í sábà dúró sí 100 géérégé, ẹ óò rí 1.985, ẹ óò rí 2.340, 5 àti 10 fàráǹkì ni wọ́n sì fi ń san ṣẹ́ǹjì rẹ̀. Àwọn ilé ìtajà ńlá tó ń fún yín ní bọ́ńbọ́ọ̀nù dípò 25 fàráǹkì, àìsí ló mú wọn ṣe é. Ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá, onílé búrẹ́dì, ẹni tó ń ṣe MoMo (owó orí fóònù) ní ìkóríta, gbogbo wọn ló ń wá 25 àti 50. Ẹ lọ bá wọn lọ́sàn-án tí èrò bá ti dín kù. Ẹ bi wọ́n pé èwo ni wọ́n ń fẹ́, mélòó sì ni. Iye tó wà lójú owó ni kí ẹ gbà, 1.000 fún 1.000. Tí ẹ bá rí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ń gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, agolo yín ò ní kún báyìí mọ́.

Ṣùgbọ́n owó tí a kàn dà sínú ọ̀rá, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ kà á. Ibí yìí gan-an niṣẹ́ wà.

Owó alákàrà máa ń lẹ̀ mọ́ra. Òróró á so 10 fàráǹkì méjì pọ̀, ẹ óò sì kà á sí ẹyọ kan. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ kó gbẹ dáadáa. Ẹ má fi yanrìn tàbí eérú bó o, ó ń jẹ nọ́ńbà ojú owó. Àwọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yà wọ́n: 5, 10 àti 25 láwọ̀ idẹ, 50 àti 100 funfun, 200 àti 500 jẹ́ aláwọ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo bó ṣe tóbi tó. Ẹ má jẹ́ kí 25 tàn yín jẹ, ó fẹ̀ ju 100 lọ díẹ̀.

Ẹ ka 20, ẹ tò ó léra wọn, kí ẹ tún to 20 míì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí méjèèjì. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, ẹ tún un kà. Owó tó ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń fẹ́lẹ́, nítorí náà gíga nìkan ò tó ẹ̀rí. Bébà ìwé ọmọléèwé ti tó láti fi dì í: 50 fàráǹkì lọ́nà 20 jẹ́ 1.000, 25 lọ́nà 40 jẹ́ 1.000, 10 lọ́nà 50 jẹ́ 500, 5 lọ́nà 20 jẹ́ 100. Ẹ kọ iye rẹ̀ sára bébà náà.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ gbé e lọ sílé ìfowópamọ́ tí ẹ ti ní ìwé. Ẹ fi í pamọ́ sínú ìwé owó yín, ó rọrùn ju pé kí ẹ ní kí wọ́n fi owó bébà pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ yẹra fún òpin oṣù tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbowó. Ẹ má fi owó sílẹ̀ pé kí wọ́n kà á tó bá yá: ojú yín ni kí wọ́n ti kà á, kí ẹ sì gba ìwé rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ti oníẹ̀wà yín, owó tí BCEAO, báńkì àpapọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń ṣe fàráǹkì wa, bá ṣe, owó ni ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní orílẹ̀-èdè méje yòókù tó ń ná an. Kò yẹ kó kọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ bá a jà, ẹ ṣì ń rẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá a ṣàdéhùn pé dídì 1.000 kan ni ẹ óò máa fi kún owó bébà lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Òun náà ń wá ṣẹ́ǹjì.

Bí ẹ ṣe ń yà á, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá àlejò pàdé níbẹ̀. Ẹ wo ara owó: èyí tí wọ́n kọ «Afrique Centrale» sí, fàráǹkì sẹ́fà ti àwọn Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù ni, a kì í ná an níbí. Náírà onírin tí Nàìjíríà ṣe ní 2007 náà, a ò lè gbà á. Ẹ kó wọn sọ́tọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì, nítorí bí akápò bá rí ẹyọ kan ṣoṣo irú wọn nínú dídì kan, gbogbo èyí tí ẹ gbé wá ló máa tú.