Àwọn Àgbà Ní Kí N Jáde Fún Káńsẹ́lọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Byazhin ní Kubwa, l'Abuja, ni mò ń gbé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn arúgbó àdúgbò wa sá sókè sódò ọsibítù: màá lọ gba káàdì fún wọn ní ìdájí, màá sì jókòó tì wọ́n títí dókítà yóò fi dé. Àwọn tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, fóònù mi la fi ń ṣe "I Am Alive", ìyẹn ẹ̀rí pé wọ́n ṣì wà láàyè, ti PTAD, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì wọn, kí owó wọn má baà dúró. Yorùbá wà nínú wọn, Gbagyi wà, Ìgbò náà wà. Wọ́n ti wá dìde báyìí pé kí n jáde fún káńsẹ́lọ̀. Ọkọ mi ní òṣèlú kì í ṣe iṣẹ́ ọmọlúàbí. Ṣé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi lè du ipò níbí? Ṣé mo sì lè fi nọ́ńbà àwọn àgbà tó wà lọ́wọ́ mi wá ìbò? (Ìyá Tèmi, Kubwa)

ÌDÁHÙN: Ìyá Tèmi, ẹ kú làálàá àwọn àgbà.

Òfin kò béèrè ìlú bàbá yín. Kí ẹ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kí ẹ ti pé ọmọ ọdún 25 (ti alága ni 30), kí ẹ ní ìwé mẹ́wàá tàbí ohun tó bá a dọ́gba, kí ẹ ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, kí ẹgbẹ́ òṣèlú sì fà yín kalẹ̀. Kò sí pé ẹ fẹ́ dá dúró. Bí káàdì ìdìbò yín bá ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ tètè ní kí INEC gbé e wá sí Byazhin. Wọ́ọ̀dù ni Byazhin fúnra rẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́wàá tó wà lábẹ́ káńsù Bwari.

Òfin lọ́tọ̀, ojú ayé lọ́tọ̀ o. Àwọn Gbagyi ti wà lórí ilẹ̀ yìí kí ìjọba tó sọ ọ́ di Abuja ní 1976, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn wọ́n di òní. Kí ẹ tó lẹ pósítà kankan, ẹ lọ kí àwọn olórí wọn. Àwọn màmá Gbagyi tí ẹ ń bá gba káàdì ọsibítù ni kó mú yín wọlé.

Ti nọ́ńbà fóònù ńkọ́? Rárá o! Torí owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ṣe fún yín. Ẹ rò ó wò: bàbá kan tí owó oṣù rẹ̀ so mọ́ fóònù yín, ṣé ó lè wo ojú yín kó ní ẹlòmíì lòun máa dìbò fún? Ẹ̀rù á bà á, kódà bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan. Torí náà, kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù, ẹ wá ẹni méjì tí kò sí nínú òṣèlú, kí ẹ kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà, kí ẹ sì pa gbogbo NIN àti ìwé wọn rẹ́ lórí fóònù yín. Bí ẹ bá ń gbé mọ́ínmọ́ín lọ fún wọn tẹ́lẹ̀, ẹlòmíì ni kó máa gbé e lọ lásìkò ìbò. Òfin ka fífi ẹ̀bùn wá ìbò sí ẹ̀ṣẹ̀.

Èmi tí mò ń dá yín lóhùn yìí, mo ti kọ mínìtì ìjókòó àwọn káńsẹ́lọ̀ rí, ní káńsù kan tí n kò ní dárúkọ. Lọ́jọ́ bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíì á kàn máa ṣí ìwé kiri, á máa wá orúkọ wọ́ọ̀dù tirẹ̀. Bó bá ti rí i, ó ti pa ìwé dé nìyẹn. Iye tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ kò kàn án, bẹ́ẹ̀ ni kì í béèrè bóyá wọ́n ná ti èṣí. Káńsẹ́lọ̀ kì í ra oògùn. Òun ló yẹ kó bi alága pé owó tí a kọ sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé dà, ta ni wọ́n san án fún, kí ló dé tí kò sí ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru níbẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn láti ìdájí mọ ohun tí ẹ máa béèrè. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ọ́n.

Ní ti ọkọ yín, ẹ mú un dání lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù kan kó fojú ara rẹ̀ rí i. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ ní kí òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí mi.