Èsì: Lúdò tí ọmọ tí kò ríran lè ta

Ìyá Dámi, ẹ kú iṣẹ́ o. Lúdò tí ẹ fẹ́ kí ọmọ yín tí kò ríran máa bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta yẹn, ihò ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Bó bá ń fọwọ́ wá ojú ọpọ́n, àwọn ọmọ lúdò á máa yẹ̀ kúrò láyè wọn. Ẹ ní kí káfíńtà lu ihò sí àyè kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ lúdò sì ní ẹsẹ̀ tó máa wọ inú rẹ̀. Orí wọn ni kí ẹ fi ya àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀: ti ọ̀kan dán, ti ọ̀kan ní ìlà, ẹ wé òwú mọ́ ti ọ̀kan, ẹ kan ìṣó sórí ti ẹ̀kẹrin. Ẹ má pa àwọ̀ rẹ́. Ẹni tó ń ríran bàìbàì ṣì ń lò ó. (Ayò ọlọ́pọ́n ò tiẹ̀ nílò àtúnṣe: ihò 12, ọmọ 48, ọwọ́ ti tó.) Kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ dán an wò kí káfíńtà tó kùn ún.